Bí Ọmọ Àìná Bá Dé Lónìí, Ta Ni Yóò Mú Un Dé Agbo Ilé?

 

Àwọn tó wà nílé lásìkò ọlidé tó kọjá á rántí tọkọtaya kan tó wá láti London pẹ̀lú ọmọ wọn mẹ́ta. Òyìnbó ni ọkọ. Ìyàwó ni ọmọ wa: Òkè-Ọ̀dàn níbí ni wọ́n ti bí ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń ti Ìlaròó wá, wọ́n ń wá agbo ilé tí màmá àgbà ti jáde. Orúkọ àti fọ́tò kan péré ni wọ́n mú dání. Ọkọ gan-an ló ń béèrè jù. Ó ní kò dáa kí àwọn ọmọ òun mọ ìdílé bàbá nìkan.

Ká sọ òótọ́, ojú tì mí. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè orúkọ màmá àgbà, àwa ọ̀dọ́ ti béèrè owó bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wọn.

Ìgbà yẹn ni mo wá jókòó ka ìtàn Àìná, ọmọ ìlú wa. Ọ̀pọ̀ wa ti rí fọ́tò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ Sarah Forbes Bonetta. Nǹkan bí ọdún 1843 ni wọ́n bí i. Ẹ mọ̀ pé orúkọ àmútọ̀runwá ni Àìná, ọmọbìnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé là ń pè bẹ́ẹ̀. Ní 1848, ogun Dahomey ja Òkè-Ọ̀dàn. Wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì kó òun lọ sọ́dọ̀ Ọba Gezo. Kò ju bí ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà náà.

Ní 1850, Captain Frederick Forbes, ọ̀gá nínú àwọn ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ bẹ Gezo pé kó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Gezo ò gbà, ṣùgbọ́n ó fi ọmọ náà ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Forbes fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti ọkọ̀ rẹ̀, Bonetta, sọ ọ́ lórúkọ. Báyìí ni Àìná ṣe di Sarah. Ọbabìnrin gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó rán an lọ sílé ìwé ní Freetown ní 1851, ó sì padà sí England ní 1855.

Ní 14 August 1862, ó fẹ́ James Pinson Labulo Davies ní Brighton. Sàró ni Davies, oníṣòwò ni. Ilẹ̀ Sàró ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò ẹrú.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Ọkọ ló mú Àìná padà sílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n tẹ̀dó sí Èkó, wọ́n bí Victoria, Arthur àti Stella. Ọbabìnrin ló ṣe ìyá ìsàmì Victoria, Àìná sì mú ọmọ náà lọ kí i ní 1867. Ọmọ yẹn mọ ẹni tó san owó ilé ìwé ìyá rẹ̀. Ta ni ìbá mú un wá síbí, kó sọ fún un pé, "Ilé bàbá ìyá rẹ nìyí"? Ogun ti tú agbo ilé ká.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa Àìná ní erékùṣù Madeira ní 15 August 1880. Ọkọ rẹ̀ gbé òpó òkúta kan ró ní ìrántí rẹ̀ ní Ijon, lápá ìwọ̀ oòrùn Èkó, níbi tó ti ń dá oko kòkó.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àlejò wa. Wọ́n rí agbo ilé wọn níkẹyìn, kì í ṣe pé ìwé kankan wà o. Ìyá àgbà kan tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì ni wọ́n gbé fọ́tò sún mọ́. Ó wò ó títí, ó ní, "Àbúrò ìyá mi rèé!" Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì. Àwọn ọmọ yẹn ò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ èyí àbíkẹ́yìn wọn bú sẹ́kún. Nínú gbogbo wa tó dúró níbẹ̀, òyìnbó yẹn nìkan ló gbé fóònù sókè, tó gbà á sílẹ̀. Orí WhatsApp ni mo ti tọrọ oríkì ilé wa lọ́wọ́ ẹni tó wà ní London. Àbí ẹ ò rí nǹkan?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé ò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ àrọ́bá ń dín kù lọ́dọọdún. Nítorí náà, láti oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀ka ọ̀dọ́ á máa ti agbo ilé kan bọ́ sí òmíràn lọ́jọọjọ́ Sátidé, a ó máa gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Ẹ̀yin tó wà nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa lórúkọ àwọn àgbà ilé yín. Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, ẹ kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò àtijọ́ ọwọ́ yín, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́.

Àlejò mìíràn ń bọ̀. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ owó bọ́ọ̀lù la máa kọ́kọ́ béèrè.