Yíyan Ẹ̀dá Afàyàfà Ọ̀wọ́n fún Ọ̀sìn: Ìtàn àti Ẹ̀kọ́ Inú Rẹ̀



Ìfáárà

Títì kan wà ní Èkó tí a fi orúkọ Ọba Adéníji Adélé Kejì pè, ọba tí ó wà lórí oyè láti 1949 títí di 1964. Lẹ́bàá títì yìí ni a ti mọ ọjà Jáńkárà, ọjà tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí àwọn lẹ́kulẹ́ja. Nígbà èwe mi, mo máa ń dúró níwájú àtẹ wọn láti wo agẹmọ tí ó di igi mú, ìjàpá tí wọ́n kó sínú apẹ̀rẹ̀, àti awọ ejò tí ó ti gbẹ. Ní ọjọ́ kan, mo bẹ ìyá kan kí ó ta agẹmọ kan fún mi. Ó ní, “Ọmọ mi, kí ni wọ́n ní kí o fi ṣe?” Mo ní mo fẹ́ máa sìn ín ni. Ẹ̀rín pa ìyá náà. Ó ní, “Agẹmọ kì í ṣe adìẹ. Ta ni yóò máa wá eṣinṣin fún un? Ta ni yóò máa wọ́n omi sí ewé kí ó lè rí nǹkan lá?” Mo padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ìbéèrè ìyá yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí. Yíyan ejò, alángbá tàbí ìjàpá tí ó ṣàjèjì láti sìn fún ìgbafẹ́ kò wọ́pọ̀ láàárín wa, ṣùgbọ́n ó ti gbilẹ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ilẹ̀ wa sì ni púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀dá náà ti ń lọ. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀wọ́n, ni a ń lò fún ẹni tí a fẹ́ràn, fún ohun tí owó rẹ̀ ga, àti fún ohun tí kò sí púpọ̀ mọ́. Èrò mi ni pé, bí ọ̀wọ́n ti owó bá gba ipò ọ̀wọ́n ti ìfẹ́, ọ̀wọ́n ti àìtó ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ejò Ouidah

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí a ti ń bọ Dangbe. Oríṣi erè kékeré kan ni ejò yìí. Kò lóró, bí ẹ̀rù bá bà á, ńṣe ni yóò ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù, tí yóò sì fi orí pamọ́ sáàárín. Títí di òní ni ilé òrìṣà rẹ̀ wà, tí ó kọjú sí ilé ìjọsìn ńlá àwọn Kátólíìkì. Bí ejò náà bá rìn wọ ilé ẹnì kan, onílé kò ní pa á. Wọn yóò rọra gbé e padà ni.

Willem Bosman, oníṣòwò ará Nẹ́dálándì tí ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1704, kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí ẹlẹ́dẹ̀ kan jẹ ọ̀kan nínú àwọn ejò náà, ọba pàṣẹ pé kí wọ́n pa àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ìlú. Ṣùgbọ́n ní 1727, Ọba Agaja ti Dàhòmì kó ìlú náà. William Snelgrave, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1734, sọ pé àwọn jagunjagun pa àwọn ejò náà, wọ́n sì jẹ wọ́n. Ohun tí ọ̀wọ̀ ti dáàbò bò láti ọjọ́ pípẹ́ di ẹran ọbẹ̀ láàárín ìgbà díẹ̀. Ẹ̀sìn Dangbe là á já, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ààbò ẹ̀dá kan kò le ju ìfohùnṣọ̀kan àwọn tí ó yí i ká lọ.

Alàgbà Ògbómọ̀ṣọ́

Àpẹẹrẹ kejì wà nílé wa níhìn-ín. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ń pè ní Alàgbà, kú. Ààfin sọ pé ẹni ọdún 344 ni, àti pé Ṣọ̀ún kẹta, tí ó jọba láti 1770 sí 1797, ni ó mú un wá sí ààfin. Bí a bá ṣe ìṣirò náà, ìjàpá yìí yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún, tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó dé ààfin rárá. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko kò gba iye ọdún náà gbọ́. Ní tèmi, n kò ka ọ̀rọ̀ ààfin sí irọ́ lásán. Àpọ́nlé ni ààfin fi ń ka ọdún rẹ̀, kì í ṣe kàlẹ́ńdà. Ohun tí ó dájú ni pé àwọn olùtọ́jú wà fún un, àwọn àlejò ń wá wò ó, ìlú sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ọ̀wọ́n ti ìfẹ́ nìyí.

Nígbà tí ejò di ọjà

Ejò Ouidah kan náà ni George Shaw fún ní orúkọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 1802, orúkọ tí ó fi í hàn bí ejò ọba. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ó di ààyò àwọn tí ń sin ejò lókè òkun, nítorí pé kì í tóbi púpọ̀, kì í sì bínú. Láti 1975, ó ju mílíọ̀nù 3 irú rẹ̀ lọ tí wọ́n ti kó láàyè kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní pàtàkì láti Gánà, Tógò àti Benin. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ a máa wá abo ejò tí ẹyin wà nínú rẹ̀ ká inú ihò eku àti ọ̀gán. Wọn a tà wọ́n fún àwọn onílé ìsìnjò. Bí ẹyin bá pa tán, ètò ni pé kí wọ́n dá ìyá àti díẹ̀ nínú ọmọ padà sí igbó. Ẹyin bíi 4 sí 10 péré ni abo kan sábà máa ń yé. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà, ni àwọn àgbà wí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń mú wọn, iye náà sì di ọ̀kẹ́ àìmọye.

Ní 1992, Bob Clark ní Amẹ́ríkà pa àfín ejò yìí nínú ilé ọ̀sìn. Láti ìgbà náà ni àwọ̀ àrà ti gba ọjà. Àfín tí àwa kà sí ẹni òrìṣà di ohun tí wọ́n ń ta ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń bí i sí i ni owó rẹ̀ ń wálẹ̀, tí wọ́n sì ń wá àwọ̀ mìíràn. Wọ́n tilẹ̀ rí ìran kan, tí wọ́n fi orúkọ aláǹtakùn pè, tí orí rẹ̀ ń mì tìtì nítorí àbùkù tí ó bá àwọ̀ náà wá. Ẹni tí ó yan ẹwà yan àìsàn mọ́ ọn.

Òfin àti igbó

Ní 1973 ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn CITES ní Washington, tí ó ń ṣàkóso òwò àwọn ẹ̀dá tí ìran wọn lè pa rẹ́. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 1974, ìjọba sì ṣe òfin tirẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1985. Ní 1973 kan náà ni Adébóyè Babalọlá tẹ àkójọpọ̀ àlọ́ ìjàpá jáde. Ìjàpá inú ìwé wà láìséwu. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ìjàpá inú igbó kìjikìji wa, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Kinixys homeana, tí apá ẹ̀yìn igbá rẹ̀ ń ṣí tí ó sì ń pa dé bí ìlẹ̀kùn, ti wọ ìpele àwọn tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n parẹ́. Ìgbó tí a ń gé, ọbẹ̀, àtẹ lẹ́kulẹ́ja àti òwò ọ̀sìn ni wọ́n jọ pa á lára. Nítorí náà, kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó jẹ̀bi.

Àgbálọgbábọ̀

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sin ẹ̀dá afàyàfà. Ní 2020, ejò Dangbe kan yé ẹyin ní ọgbà ẹranko St. Louis ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ó ti lo ọdún 59 níbẹ̀. Ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ yẹ ní ìyìn. Ó sì fi hàn pé ẹni tí ó yan ejò lónìí lè kú kí ejò náà kù. Kí a tó yàn, ẹ jẹ́ kí a bèèrè ibi tí wọ́n ti bí ẹ̀dá náà, bóyá inú igbó ni tàbí ilé ọ̀sìn. Ohun tí yóò máa jẹ. Àti ẹni tí yóò jogún ìtọ́jú rẹ̀. Ìyá Jáńkárà kò ka ìwé CITES, ṣùgbọ́n ó bi mí ní ìbéèrè kejì, ó sì dá agẹmọ náà dúró nígbà tí n kò rí ìdáhùn fún un.