Ṣúgà Inú Pòròpórò



Bí àgbẹ̀ bá ya àgbàdo tán, kí ni í fi pòròpórò ṣe? Òmíràn a fi í sílẹ̀ kí ó jẹrà. Òmíràn a sun ún níná. Bẹ́ẹ̀ ni ju ìdajì pòròpórò gbígbẹ lọ, ṣúgà ni. Kò dùn lẹ́nu nítorí pé a so ṣúgà náà kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, ohun líle tí ó ń mú igi le sì yí i ká. Báwo ni aráyé ṣe rí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí?

Ní 1819, Henri Braconnot, ará Faransé, da ásíìdì líle sórí àkísà aṣọ, ó sì rí ṣúgà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ásíìdì a máa jẹ irin. Bí ó bá sì pẹ́ jù, a ba ṣúgà náà jẹ́.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dí ojú òkun mọ́ Jámánì, oúnjẹ ẹran ọ̀sìn sì wọ́n níbẹ̀. Ernst Beckmann rẹ pòròpórò ọkà sínú omi sódà líle, tí ó ń ṣe bí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Wọ́n fọ̀ ọ́, ó sì wá ṣe ẹran láǹfààní ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Nígbà Ogun Kejì, àgọ́ àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà ń jẹrà ní àwọn erékùṣù Pàsífíìkì. Ohun kan bí olu wẹ́wẹ́ ni ó ń jẹ òwú wọn. Elwyn Reese àti Mary Mandels, ní ilé ìwádìí Natick, rí i pé oje tí ó ń tú jáde a máa já ẹ̀wọ̀n náà sí ṣúgà. Ọ̀tá àgọ́ di òṣìṣẹ́! Orúkọ Reese ni a fi sọ ọ́: Trichoderma reesei.

Síbẹ̀, ẹni tí ń ṣe irú a kọ́kọ́ se hóró igbá, a bó èèpo rẹ̀, kí ó tó bò ó. Bákan náà, oje yìí kò lè wọ inú pòròpórò tí a kò tọ́jú. A ó gé e wẹ́wẹ́, a ó fi oru omi gbígbóná há a mọ́ inú àgbá irin, a ó sì ṣí i lójijì kí ó fọ́ túútúú. Nígbà náà ni oje yóò ráyè ṣiṣẹ́.

Nígbà tí owó epo fò sókè ní 1973, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ojú sí iṣẹ́ yìí, kí wọ́n lè fi ṣúgà náà pọn ọtí tí mọ́tò ń jó. Ìnáwó ìtọ́jú àkọ́kọ́ yẹn ni ó ṣì ń fa iṣẹ́ náà sẹ́yìn.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má sun gbogbo rẹ̀. Ẹ má sì kó gbogbo rẹ̀ tà lọ́jọ́ tí oníbàárà bá dé: ilẹ̀ náà ń jẹ nínú rẹ̀.