Chiron, Àrọ̀nì àti Ẹnu Ọ̀nà Ìmọ̀ Ìṣègùn ní Jamestown

Nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn Gíríìkì, ẹ̀dá abàmì ni Chiron. Láti orí dé ìbàdí, ènìyàn ni. Láti ìbàdí wá sílẹ̀, ẹṣin ni. Orí òkè Pelion ló ń gbé. Ọ̀mùtí àti oníjàgídíjàgan ni ọ̀pọ̀ nínú irú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ní tirẹ̀ mọ ewé, ó mọ orin, ó mọ ọdẹ, ó sì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ọfà akọni Heracles, tí wọ́n fi oró ejò Hydra pa, ló ṣèèṣì bà á. Oníṣègùn ńlá kò rí ewé tí yóò wo ọgbẹ́ ara rẹ̀ jinná, kò sì lè kú, nítorí ẹ̀dá àìkú ni. Ìgbà tí ìrora náà kò jẹ́ kó gbádùn mọ́ ló yọ̀ǹda àìkú rẹ̀.

Ọgbẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé nípa Chiron lóde òní máa ń tẹnu mọ́. Lójú tèmi, ẹ̀yìn ọgbẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú apá kọkànlá Iliad tí Homer kọ, Eurypylus fara gbọgbẹ́ lójú ogun, ó sì bẹ Patroclus pé kó bá òun fi oògùn tí Achilles kọ́ ọ sí i, oògùn tí Achilles fúnra rẹ̀ kọ́ lọ́dọ̀ Chiron. Chiron kò sí níbẹ̀ rárá. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ ni ọkùnrin yìí kó tó jẹ́ oníṣègùn. Bí ó bá wá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tó yẹ ká bi ìtàn rẹ̀ ni pé: ta ló ń gbà sọ́dọ̀? Asclepius, ọmọ Apollo. Achilles, ọmọ Peleus ọba. Jason, tí Aeson bàbá rẹ̀ ló yẹ kó wà lórí ìtẹ́ Iolcus. Ọmọ òrìṣà àti ọmọ ọba ni wọ́n.

Bí Yorùbá bá gbọ́ ìtàn yìí, Ọ̀sanyìn ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn: olójú kan, alápá kan, ẹlẹ́sẹ̀ kan. A mọ ìtàn bí Ọ̀rúnmìlà ṣe ní kó lọ ṣán oko, tí kò lè gé ewé kankan nítorí kò sí èyí tí kò wúlò nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ tó mọ̀ ju ọ̀gá rẹ̀ lọ ni Ọ̀sanyìn inú ìtàn yẹn. Àrọ̀nì ló sún mọ́ Chiron jù. A. B. Ellis, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó pẹ́ ní Gold Coast (Gánà òde òní), kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó ṣe lórí àwọn Yorùbá ní 1894. Ó ní ènìyàn kúkúrú ẹlẹ́sẹ̀ kan ni, tó ní orí ajá àti ìrù ajá, inú igbó ló sì ń gbé. Ẹni tó bá rí i tó sá, yóò pa á jẹ. Ẹni tó bá dúró tí kò mikàn, yóò mú un lọ sílé rẹ̀ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, yóò kọ́ ọ ní gbogbo ewé. Nígbà tó bá sì ń dá a padà, yóò fún un ní irun kan láti ìrù rẹ̀, kí àwọn aláìgbàgbọ́ lè rí i pé ó kẹ́kọ̀ọ́ yanjú. Ìfojú-tẹ́ńbẹ́lú pọ̀ nínú ìwé Ellis, ṣùgbọ́n èyí bá ohun tí àwọn àgbà ń sọ nípa àwọn tí ààjà gbé lọ mu. Àrọ̀nì kò béèrè pé ọmọ ta ni ọ́. Bí o bá sá tàbí o kò sá ló ń wò.

Ní Jamestown, létí òkun Accra, ìbéèrè ẹni tí wọ́n ń gbà náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1673 ni iléeṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì, Royal African Company, kọ́ James Fort síbẹ̀. Lára àwọn tí wọ́n kó wá ṣiṣẹ́ fún wọn ni àwọn ará ìhà Allada, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Láti ara wọn ni Ngleshie Alata ti jáde, ọ̀kan nínú àdúgbò ńlá méje tó para pọ̀ di Ga Mashie. Alata yìí kan náà ni àwọn ará Gánà fi ń pe àwa ará ìhà ìlà-oòrùn wọn dòní. Wetse Kojo, tó ti jẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ló di mantse, ìyẹn olórí, àdúgbò náà. Mi ò ní tìtorí èyí sọ pé Àrọ̀nì bá wọn wọ ọkọ̀ dé Accra. Ohun tí mò ń sọ ni pé ibi tí àlejò ti lè di mantse kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń fi ìran nìkan díwọ̀n ènìyàn.

Margaret Field, tó kọ́kọ́ wá kọ́ni ní ìmọ̀ kẹ́mísírì ní iléèwé Achimota, tẹ ìwé jáde ní 1937 lórí ẹ̀sìn àti ìṣègùn àwọn Ga, ẹ̀yà tó ni Accra. Ó fìyàtọ̀ sáàárín ipò méjì tí àwọn àlejò máa ń dà pọ̀. Wulɔmɔ ni àwòrò aláṣọ funfun, tó ń bá òrìṣà sọ̀rọ̀ nítorí ìlú. Ìdílé ni ipò rẹ̀ so mọ́. Wɔntsɛ ni ẹni tó mọ oògùn, tí aláìsàn ń tọ̀ lọ, tí ọmọṣẹ́ sì ń sìn kó tó mọ̀ ọ́n. Àwọn tó fẹ́ rí Chiron ní ilẹ̀ Ga máa ń nàka sí Nai Wulɔmɔ, àwòrò òrìṣà òkun, nítorí iyì rẹ̀. Wọ́n ṣìnà. Wɔntsɛ ni kí wọ́n wá lọ, àti tsofatsɛ, ẹni tó jẹ́ pé ewé gan-an niṣẹ́ rẹ̀. (Field fúnra rẹ̀ padà lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, ó sì di oníṣègùn ọpọlọ. Ó jọ pé ẹni tó bá pẹ́ lẹ́yìn wɔntsɛ kì í lọ lásán.)

Nígbà tí ìṣègùn òyìnbó dé, ẹnu ọ̀nà mìíràn ṣí, ó sì há. Benjamin Quartey-Papafio, ọmọ Ga tí wọ́n bí sí Accra ní 1859, gboyè ní Edinburgh ní 1886, òun sì ni ọmọ Gold Coast àkọ́kọ́ tó di dókítà. Ọmọ ilé ńlá ni. Chiron ì bá gbà á. Síbẹ̀, ní 1902 ìjọba amúnisìn dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìjọba sílẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì là á sínú òfin rẹ̀ pé ẹni tó bá jẹ́ ìran òyìnbó nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Frederick Nanka-Bruce, ọmọ Accra mìíràn tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Edinburgh, bá òfin yìí nílẹ̀ nígbà tó padà sílé. Òun náà wà lára àwọn tó kó àwọn dókítà ọmọ ilẹ̀ náà jọ di ẹgbẹ́ lẹ́yìn náà.

Gánà olómìnira tún ẹnu ọ̀nà náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún díẹ̀. Ní 2000, òfin Act 575 dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí gbogbo oníṣègùn ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Ní 2001, yunifásítì KNUST ní Kumasi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè dìgírì nínú ìṣègùn ewé. Mo fara mọ́ méjèèjì, nítorí ayédèrú oníṣègùn pọ̀, ìpolówó oògùn orí rédíò sì ń pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí girama lẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú wá. Ọmọ Jamestown tí kò parí girama, tó sì ń bá ìyá rẹ̀ àgbà ta egbò àti ewé ní Timber Market, ọ̀dọ̀ tsofatsɛ nìkan ló kù tó lè lọ, lọ́dún tó bá sì fẹ́ gbòmìnira, ìgbìmọ̀ Act 575 ni yóò sọ bóyá ohun tó kọ́ níbẹ̀ tó.