Ilé Ti Ń Tutù Kí Iná NEPA Tó Dé

Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ ti kéde pé a fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn ìlú tuntun, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń bèèrè ni pé ẹ̀rọ amúlétutù mélòó la máa fi síbẹ̀. Kí a tó dáhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń kọ́lé nígbà tí kò sí ẹ̀rọ kankan. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Ògiri amọ̀ ni àwọn baba ńlá wa ń mọ, ó sì máa ń nípọn. Oòrùn lè pa á láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ooru ò ní tètè wọlé. Koríko bẹẹrẹ tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń bo òrùlé, wọ́n á sì jẹ́ kó yọ síta títí tó fi ṣíji bo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láàárín agbo ilé, àgbàlá wà tí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Nígbà tí páànù dé, ó dára lóòótọ́, torí koríko ń jóná, a sì gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n páànù ń gba ooru, ó sì ń dà á lé wa lórí. Mi ò sọ pé ká padà sí koríko o. Ohun tí mò ń sọ ni pé a gba páànù, a gbàgbé ọgbọ́n tó kù.

Àwọn kan ò gbàgbé. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, tọkọtaya ayàwòrán ilé láti Ìlú Ọba, Maxwell Fry àti Jane Drew, ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Wọn ò kó ilé Lọ́ńdọ̀nù wá síbẹ̀. Ilé gígùn tí kò fẹ̀ ni wọ́n yà, kí afẹ́fẹ́ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé lè gba òdìkejì jáde. Ní ilé ìkàwé tí à ń pè ní Kenneth Dike Library lónìí, kọnkéré oníhò ni wọ́n fi yí i ká: ó ń dá oòrùn dúró, ó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Ní 1956, wọ́n gbé ìwé jáde lórí bí èèyàn ṣe ń kọ́lé sí ilẹ̀ olóoru bíi tiwa.

Ní Ifẹ̀ náà, Arieh Sharon, ọmọ Ísírẹ́lì tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Bauhaus ní Jámánì, ló ya ọgbà Yunifásítì. Ẹ wo ilé ẹ̀ka Humanities: àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, bíi pírámíìdì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Àjà kọ̀ọ̀kan di agboòrùn fún èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Demas Nwoko, ẹni tó ya ilé ìjọsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn, tẹ̀lé irú ọgbọ́n yìí, ó sì gba ẹ̀bùn Golden Lion ní Venice ní 2023.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí wa? Epo pọ́ọ́kú, a wá ń kọ́lé bí ẹni pé jẹnẹrétọ̀ ò ní dákẹ́ láéláé. A dí ògiri pa, a rẹ sílíìnì sílẹ̀, a fi fèrèsé onídígí tí ìdajì rẹ̀ péré ń ṣí rọ́pò onípákó tó ń ṣí tán. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A fò láti ₦68 sí ₦225 fún yúníìtì kan. Ta ló máa san irú owó yẹn fún gbọ̀ngàn ìlú?

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ àwa ọ̀dọ́ rèé. Kí ògiri kúkúrú kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, torí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló ń gbá ògiri jù. Kí ògiri gígùn ní fèrèsé ńlá lọ́tùn-ún lósì, kí òrùlé sì ṣíji bò wọ́n. Kí òrùlé ga, kí ihò wà lókè tí ooru máa gbà jáde. Kò ní tutù bíi yìnyín o. Tí èrò bá kún fọ́fọ́ lóṣù kẹta, a ṣì nílò fáànù. Ṣùgbọ́n sólà wẹ́wẹ́ lè gbé fáànù. Ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́wàá kọjá agbára rẹ̀.

Yíyí ilé kọjú síbi tó yẹ kò ná wa ní kọ́bọ̀, tó bá jẹ́ pé orí ìwé la ti yí i. Tí bíríkìlà bá ti da kọnkéré ìpìlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́. Kí ẹ̀yin àgbà tó fọwọ́ sí àwòrán náà, ẹ bá wa bi ayàwòrán ilé ní ìbéèrè kan ṣoṣo: níbo ni afẹ́fẹ́ máa gbà wọlé, níbo ló sì máa gbà jáde?

Alákòóso ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́