Ọ̀ọ̀lẹ̀ Ẹlẹ́mìí Tí Kò Ní Ẹran Tàbí Ẹja Nínú: Bí Ẹ Ṣe Lè Sè É Nílé

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ọ̀ọ̀lẹ̀ tí wọn kò bá fi ẹyin, ẹja tàbí edé sínú rẹ̀, ti ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe èyí tó ní oríṣiríṣi nǹkan nínú ní ẹlẹ́mìí, títí dé orí ẹlẹ́mìí méje tí wọ́n máa ń gbé síwájú àlejò níbi ìnáwó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan kí ẹ̀mí inú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ́ ti ohun ẹlẹ́jẹ̀. Olú, ẹ̀fọ́ àti irú lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, bí ẹni tó ń sè é bá ti mọ bí yóò ṣe gbẹ omi inú wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìkàrẹ́, Ọ̀kà àti gbogbo ilẹ̀ Àkókó. Àwọn kan wà tí dókítà ti ní kí wọ́n dín ẹran jíjẹ kù. Àwọn mìíràn wà tí ẹ̀sìn tàbí èèwọ̀ wọn kò fàyè gbà á. Àwọn tó pọ̀ jù ni àwọn tí owó ẹja ti lé sá. Ẹ̀wà fúnra rẹ̀ kò sì rọrùn láti rà mọ́ bíi ti àtijọ́. Àjọ tó ń rí sí ètò ìṣirò ní Nàìjíríà sọ pé kílò ẹ̀wà kan tó jẹ́ nǹkan bíi náírà 733 ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ti di nǹkan bíi náírà 2,800 nígbà tí oṣù kẹwàá ọdún 2024 fi pé. Lóòótọ́, owó náà wálẹ̀ lọ́dún 2025, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ẹ̀wà báyìí kò ní fẹ́ kó bà jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ọ̀ọ̀lẹ̀ káàkiri ayé

Ọ̀ọ̀lẹ̀ tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá ń pe ohun tí àwọn mìíràn mọ̀ sí mọ́ínmọ́ín. Àwọn Yorùbá tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún gbé oúnjẹ náà dé Freetown ní Sierra Leone, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní oleleh títí di òní. Ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, abará lorúkọ rẹ̀, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ni wọ́n fi ń dì í. Bí àwọn ará Ṣáínà ti ní jiaozi, tí àwọn ará Íńdíà sì ní samosa, tí wọ́n ń kó nǹkan sí nínú, bẹ́ẹ̀ náà ni Yorùbá ṣe ní ọ̀ọ̀lẹ̀ ẹlẹ́mìí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìyẹ̀fun ni àwọn yẹn fi ń bo nǹkan inú tiwọn, ẹ̀wà lílọ̀ ni tiwa.

Àwọn èlò

Fún ìdì bíi méjìlá, ẹ wá ife mílíìkì mẹ́rin ẹ̀wà, tàtàsé mẹ́ta, ata rodo méjì, àlùbọ́sà ńlá méjì, òróró tàbí epo pupa díẹ̀, iyọ̀, àti ewé tó pọ̀ tó. Fún ẹ̀mí inú rẹ̀, ẹ wá olú tó kún àwo kékeré kan, ìdì ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ kan, àti irú ṣíbí méjì.

Ẹ̀wà tó bá ní ihò kòkòrò díẹ̀ kò yẹ kó bà yín lẹ́rù tó èyí tí òórùn oògùn ń jáde lára rẹ̀. Àwọn oníṣòwò kan máa ń fi oògùn apakòkòrò sínú àpò ẹ̀wà, oògùn yìí sì léwu fún ara. Ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de títa oògùn dichlorvos inú ìgò kékeré ní ọjà. Ẹ ra ẹ̀wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, bí òórùn oògùn bá sì ń jáde lára rẹ̀, ẹ dá a padà, nítorí fífọ̀ kò lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ní ti olú, èyí tí wọ́n ń gbìn tí wọ́n sì ń tà ló dára jù. Bí ẹ kò bá mọ olú dájú, ẹ má ṣe já a nínú igbó, nítorí àwọn kan nínú rẹ̀ ń pa èèyàn, sísè kò sì lè yọ májèlé wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ jẹ ohunkóhun tó jẹ mọ́ ẹran tún gbọ́dọ̀ wo ara páálí mágì kó tó lò ó, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n fi adìyẹ tàbí edé ṣe.

Ẹ̀mí inú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sè

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bà jẹ́. Olú àti ẹ̀fọ́ kún fún omi. Bí ẹ bá kó wọn sínú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀, omi wọn yóò jáde nígbà tí ooru bá mú wọn, àárín ọ̀ọ̀lẹ̀ yóò sì rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ bí ẹ̀yìn rẹ̀ tilẹ̀ ti jinná.

Ẹ gé olú wẹ́wẹ́, kí ẹ dín in nínú òróró kékeré láìbo ìkòkò títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ẹ bọ ẹ̀fọ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ sì fún un gírígírí lọ́wọ́ kí ẹ tó gé e. Ẹ da ẹ̀fọ́, irú, àlùbọ́sà díẹ̀ àti iyọ̀ mọ́ olú, kí ẹ sì rò ó lórí iná títí yóò fi gbẹ. Ẹ jẹ́ kó tutù.

Lílọ̀ àti pípò

Ẹ rẹ ẹ̀wà sínú omi fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ bó o, kí ẹ sì tún rẹ ẹ́ fún wákàtí kan sí méjì kó lè lọ̀ kúnná. Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà. Bí ẹ̀rọ ìlọta àdúgbò ni ẹ óò lò, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi ṣan ẹ̀rọ náà, nítorí ó lè jẹ́ pé ẹni tó lò ó kẹ́yìn lọ edé níbẹ̀.

Ẹ da iyọ̀ àti òróró sí i, kí ẹ fi ọwọ́ tàbí ọmọ orógùn pò ó dáadáa kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i. Kó má ki tó ti àkàrà, ṣùgbọ́n kó má sì ṣàn tó ti ọ̀ọ̀lẹ̀ lásán. Bó bá ṣàn jù, ẹ̀mí inú rẹ̀ yóò rì sí ìsàlẹ̀ ewé. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ pẹ́, nítorí ẹ̀wà lílọ̀ tètè máa ń kan.

Dídì àti sísè

Ewé eéran ló dára jù. Àwọn onímọ̀ mọ igi rẹ̀ sí Thaumatococcus daniellii, inú èso rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń yọ thaumatin, ohun kan tó fi nǹkan bí ìlọ́po 2,000 dùn ju ṣúgà lọ. Ewé náà máa ń fi òórùn dídùn sínú oúnjẹ. Ọ̀rá kò ní èyí, àwọn onímọ̀ ìlera sì ti kìlọ̀ pé èròjà inú ọ̀rá lè bọ́ sínú oúnjẹ tó bá ń hó. Bí ewé bá ṣọ̀wọ́n, ẹ lo agolo mímọ́ tàbí abọ́ irin.

Ẹ fọ ewé níwá lẹ́yìn, kí ẹ fi méjì lé ara wọn, kí ẹ sì ká a bí àrọ. Ẹ bu ẹ̀wà dé ìdajì, ẹ fi ṣíbí kan ẹ̀mí sí àárín, kí ẹ wá fi ẹ̀wà bò ó. Ẹ ṣẹ́ ẹnu ewé padà kó má baà jò. Ẹ to igi ewé sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, kí ẹ bu omi díẹ̀ sí i, kí ẹ gbé àwọn ìdì náà dúró lórí rẹ̀, kí ẹ sì dé e pa. Bí omi bá ń gbẹ, omi gbígbóná ni kí ẹ fi kún un láti ẹ̀gbẹ́. Ó lè gba ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gún àárín tí kò gbé ẹ̀wà tútù jáde, ó ti jinná. Ẹ jẹ́ kó simi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lè dì dáadáa.

Ohun tó ń ṣe lára

Nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, bíi gíráàmù 24 ló jẹ́ èròjà amúaradàgbà. Àṣà jíjẹ ọ̀ọ̀lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ náà ní ìdí tirẹ̀, nítorí ohun tí ẹ̀wà kò ní tó wà nínú àgbàdo, èyí tí àgbàdo kò ní tó sì wà nínú ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n kò sí fítámì B12 nínú ẹ̀wà. Ẹni tí kì í jẹ ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà rárá gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa bí yóò ṣe máa rí i.

Ní ti àwọn tó bá wá jẹun nílé yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú ewé, kí wọ́n sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀: olú, ẹ̀fọ́, irú. Ẹlẹ́mìí mẹ́ta ni, kò sì sí ẹja kankan níbẹ̀.