Ọ̀yọ́ Ilé, Ìlú Tí Ó Di Igbó Ẹranko

Nígbàtí àwa Yorùbá bá ń pìtàn Ọ̀yọ́ Ilé, ogun ni a sábà máa ń sọ. A kì í bèrè ẹni tí ó gba ilé náà lẹ́hìn tí àwọn onílé ti jáde. Clapperton dé ibẹ̀ ní 1826, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ sì dé ní 1830, Aláàfin ṣì jókòó lórí ìtẹ́ nígbà náà. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́hìn èyí tí Aláàfin Olúewu fi bá ogun lọ, tí àwọn ènìà sì fọ́n ká. Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí dó sí Àgọ́ Ọ̀jà. Koríko bo ojú ọ̀nà ìlú àtijọ́ náà. Ẹfọ̀n, àgbọ̀nrín, ìmàdò àti ọ̀bọ wọ ibẹ̀, wọ́n sì di onílé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àárín àgbẹ̀ àti ẹranko tòrò ní aiyé àwọn baba wa. Ọmọdé a máa jókòó sí ahéré láti òwúrọ̀ di alẹ́, a máa lé ẹyẹ àti ọ̀bọ kúrò lórí àgbàdo. Àgbà a sì máa dẹ ẹ̀bìtì de ọ̀yà àti òkété létí oko. Bí ọ̀ràn bá ju èyí lọ, a ó ránṣẹ́ pe ọdẹ. Ọdẹ a máa pa ẹran náà, ẹni tí a jẹ oko rẹ̀ a sì rí ẹran jẹ dípò iṣu tí ó sọnù. Ṣùgbọ́n ọdẹ pàápàá ní ọ̀gá: bí ó bá pa ẹkùn, ọba ni ó ni awọ rẹ̀.

Ní 1936 a ya igbó òkè odò Ògùn sọ́tọ̀ ní igbó ọba, a sì ya ti Ọ̀yọ́ Ilé sọ́tọ̀ ní 1941. Ní 1952 wọ́n di ibi ìpamọ́ ẹranko. Ní 1991 ìjọba àpapọ̀ gbà á, ó sì sọ ọ́ di ọgbà ẹranko ti orílẹ̀-èdè, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá gbé ìbọn wọ ibẹ̀ di arúfin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé baba rẹ̀ ni ó fi ọ̀nà náà hàn án.

Àwa kò dá ẹni tí ó pa ààlà náà lẹ́bi. Bí kò bá sí i, ìbọn ìbá ti pa àwọn ẹranko wọ̀nyí run. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé ẹranko kò mọ ààlà: ìmàdò a jáde, a jẹ iṣu tán, a sì padà sínú igbó, ibi tí olóko kò gbọdọ̀ lé e dé. Àdánù rẹ̀ kù sí i lọ́wọ́, kò sì rí ẹran jẹ bí ti àtijọ́. Àwọn tí ó ṣe òfin náà ronú púpọ̀ nípa ẹran. Nípa iṣu, a kò rò pé wọ́n ronú tó bẹ́ẹ̀.

Àlàpà odi Ọ̀yọ́ Ilé ṣì wà nínú igbó náà. Ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó bá fẹ́ fi ojú rẹ̀ rí i, ẹnu ibodè ni yóò ti gba àṣẹ, ẹ̀ṣọ́ igbó ni yóò sì ṣíwájú rẹ̀ lọ sí ilé àwọn baba rẹ̀.