Ta Ni Ó So Wáyà Àkọ́kọ́? Ìtàn Síńtẹ̀sáísà Àgbédeméjì Láti Inú Irin Dé Inú Kọ̀ǹpútà



Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ìtàn ohun èlò orin kan tí ń fi iná mànàmáná dá ohùn sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí síńtẹ̀sáísà, pàápàá jù lọ irú èyí tí mo pè ní àgbédeméjì. Èrò tí ó gbilẹ̀ láàárín àwọn olórin ni pé irin àti wáyà ni ó kọ́kọ́ wà, pé ńṣe ni ètò inú kọ̀ǹpútà kàn ń sín wọn jẹ. Ní èrò tèmi, ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ìbéèrè tí ó sì ṣe pàtàkì jù ni èyí: ta ni ó ti so wáyà àkọ́kọ́ kí àwa tó débẹ̀?

Ní ọdún 1957, Max Mathews, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Bell Laboratories ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ ètò kan tí ó mú kí kọ̀ǹpútà IBM 704 kọ orin ìṣẹ́jú-àáyá 17. Nígbà tí ó fi di ọdún 1960, nínú ẹ̀dà kẹta ètò yìí, ó ti pín iṣẹ́ dídá ohùn sí ẹyọ-ẹyọ. Ẹyọ kan ń mú ohùn jáde, òmíràn ń bù ún sókè tàbí ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, olórin ni yóò sì pinnu bí a ó ṣe so wọ́n pọ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1964, ni Robert Moog, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ olórin Herbert Deutsch, gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ jáde. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, fọ́tééjì ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún ara wọn, wáyà ni a sì fi ń so wọ́n pọ̀. N kò sọ pé Moog jí èrò Mathews lò. Ohun tí mo ń sọ ni pé èrò síso ẹyọ mọ́ ẹyọ ti wà nínú ètò kọ̀ǹpútà kí ó tó wà nínú àpótí tí a ń tà lọ́jà.

Àwo orin Bach tí Wendy Carlos ṣe ní ọdún 1968 ni ó sọ ẹ̀rọ Moog di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ńlá náà gbówó lórí, bí olórin kò bá sì so wáyà kankan, kò ní fọhùn. Ìṣòro yìí ni ó bí irú ẹ̀rọ àgbédeméjì. Ní ọdún 1971, ilé-iṣẹ́ ARP tí Alan R. Pearlman dá sílẹ̀ gbé ARP 2600 jáde. Ní ọdún 1978, ilé-iṣẹ́ Korg ti ilẹ̀ Japan gbé MS-20 jáde. Nínú irú ẹ̀rọ báyìí, a ti so ẹ̀yà mọ́ ẹ̀yà nínú láti ilé-iṣẹ́: ohùn ń ti ọ̀dọ̀ ẹ̀yà tí ó dá a sílẹ̀ lọ sínú asẹ́ tí ń sẹ́ ẹ, ó sì ń ti inú asẹ́ lọ sí ẹ̀yà tí ń díwọ̀n bí yóò ṣe le tó. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan lè tẹ ìtẹ̀ dùùrù kí ó sì gbọ́ ohùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ki wáyà bọ ojú ihò tí ó yẹ, ìsopọ̀ ti ilé-iṣẹ́ yóò já, tirẹ̀ ni yóò sì ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí èyí dáadáa. Ìsopọ̀ tí a kò fojú rí kì í ṣe òfin àdáyébá. Ìmọ̀ràn ẹnì kan ni, tí ó ti ronú nípa ohun tí olórin yóò fẹ́. Lára ìmọ̀ràn náà ni pé ìtẹ̀ dùùrù ni yóò máa pàṣẹ fún ohùn, ní ìpele 12 tí ó dọ́gba.

Ní ọdún 2004, Korg gbé MS-20 sínú kọ̀ǹpútà. Àwòrán wáyà ni a ń fà lójú kọ̀ǹpútà náà. Ètò yìí lè kọ ohùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ẹ̀rọ ti 1978 kò lè kọ ju ẹyọ kan lọ. Ó sì ń tọ́jú ohun tí a bá ṣe, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ti àtijọ́ ní láti fọwọ́ ya àwòrán wáyà àti kọ́rọ́bọ́tọ̀ rẹ̀ sórí ìwé kí ó má baà gbàgbé.

Ìrọ̀rùn yìí ni ó kọ́kọ́ tàn mí jẹ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ètò náà, ọ̀sẹ̀ bí i méjì ni mo fi ń ṣí àwọn ohùn tí a ti tò sílẹ̀, tí mo ń yí ìdí wọn díẹ̀díẹ̀. Mo rí ohùn púpọ̀, n kò rí ìmọ̀ kankan. Lọ́jọ́ tí mo pinnu láti bẹ̀rẹ̀ lórí òfìfo, ẹ̀rọ náà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo rò pé kọ̀ǹpútà mi ni ó bàjẹ́. Èmi ni mo ki wáyà bọ ibi tí àmì ìbẹ̀rẹ̀ ohùn ń gbà wọlé, tí mo sì fi orí rẹ̀ kejì sílẹ̀ láìsí ẹ̀yà tí yóò fi àmì ránṣẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni olùkọ́ mi àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ya àwòrán sórí ìwé kí n tó fọwọ́ kan wáyà.

MS-20 ní ẹ̀yà kan tí ń gba ohùn láti ìta, ìbáà ṣe ti ènìyàn tàbí ti ìlù, tí ó sì ń sọ gíga àti lílé rẹ̀ di fọ́tééjì. Ètò inú kọ̀ǹpútà kò fi í sílẹ̀. Mo fi ohùn gángan tí mo ti gbà sílẹ̀ sínú rẹ̀, mo sì fa wáyà kí ìlù lè gba àṣẹ lọ́wọ́ ìtẹ̀ dùùrù. Nígbà àkọ́kọ́, ohùn ń ta kiri bí ẹni tí kòkòrò ń ta. Ìdí kò ṣòro: gbígbọ̀n ohùn ni ẹ̀yà náà ń kà, ariwo ọ̀pá bí ó ti ń ba awọ sì ń da ìkà rẹ̀ rú. Nígbà tí mo sẹ́ ariwo náà kúrò, tí mo sì lo ìlù kan ṣoṣo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, títí kan ìyọ́ tí ń wáyé bí onílù bá fún ọ̀sán. Kò pé, ṣùgbọ́n ìyọ́ náà kò sí lórí ìtẹ̀ 12.

Àwọn olórin wa ti mọ èyí kí n tó mọ̀ ọ́n. Nínú àwo Juju Music ti ọdún 1982, tí Martin Meissonnier bá King Sunny Adé ṣe, síńtẹ̀sáísà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìlù kò di ẹrú rẹ̀.

Èyí ni ohun tí ó wà nílẹ̀ fún wa. Lónìí, kọ̀ǹpútà kan lè gbé ohun tí ó kún yàrá nígbà kan, àwọn ọ̀dọ́ wa sì ń fi ṣe orin. Bí wọn kò bá mọ̀ pé wáyà kan wà nínú tí ó lè já, wọn yóò rò pé ìpele 12 ni gbogbo ohùn, wọn yóò sì máa tún ohùn ìlù ṣe títí tí kò fi ní sọ̀rọ̀ mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń rọ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni: ẹ kọ́kọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ibi tí wáyà àkọ́kọ́ gbà kọjá, lẹ́yìn náà ẹ kọ́ ọ bí a ṣe ń já a. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ilé-iṣẹ́ ti fi iṣẹ́ tirẹ̀ rán wa; ó kù sọ́wọ́ wa bí a ó ti jẹ́ ẹ.